Ọjọ́ Tí Mo Fò Sókè fún Stockwell

Peckham, London.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Karùn-ún.

Hameedah, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ ní Aberdeen níbẹ̀. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé òtútù ìlú yẹn kò wọ inú egungun rẹ, àti pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń jẹ́ kí o rí àyè jókòó jẹun. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún ọ̀tún tí kì í fẹ́ gun àtẹ̀gùn mọ́. Mummy yín wà dáadáa, ó ní kí n kí ọ, kí n sì sọ fún ọ pé ata gígún tí o béèrè ti wà nínú páálí, ó ku ká fi ránṣẹ́.

Nígbà tí o pè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, o bi mí nípa àbúrò rẹ pé, "Daddy, kí ló dé tí Yusrah kì í dárúkọ yín mọ́ tí a bá ń sọ̀rọ̀?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà Yorùbá sí ọ láti ìgbà tí o ti kúrò nílé, kí èdè wa má baà bọ́ lẹ́nu rẹ.

O mọ̀ pé ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń tọ́jú ilé àti pápá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Stockwell. Èmi ni mò ń gé koríko pápá bọ́ọ̀lù wọn, èmi náà ni mò ń fi ọ̀dà funfun fa ìlà rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí o má rántí, torí o kéré nígbà náà, pé nígbà tí ìyá mi kú ní Ìsẹ́yìn, wọ́n ti sin wọ́n kí n tó rí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Iṣẹ́ ni mo padà sí. Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ ikọ̀ bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì náà so aṣọ dúdú mọ́ apá nítorí ìyá mi, àwọn ọmọ tí kò mọ ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ wọn ti wọ̀ mí lára. Tí wọ́n bá sì fẹ́ kojú kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Peckham, tí wọ́n ti jọ ń bá ara wọn díje láti ọjọ́ pípẹ́, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Àṣé Yusrah máa yan kọ́lẹ́ẹ̀jì Peckham! Ó ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni láti ilé, ó ní gbogbo ọ̀rẹ́ òun ló ń lọ síbẹ̀. Wọ́n mú un sínú ikọ̀ obìnrin wọn, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n bí ikọ̀ tiwọn ṣe ń borí ni ti Stockwell náà ń borí, títí tí wọ́n fi kéde pé àwọn méjèèjì ló máa pàdé nínú àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn dùn nínú ilé wa, Hameedah. Yusrah lẹ ribọ́ọ̀nù pupa mọ́ ẹnu fíríìjì, èmi náà so síkáàfù aláwọ̀ ewé mọ́ àga mi. Mummy yín ní ẹni tó bá kó ìjà bọ́ọ̀lù wọ kíṣìnì òun, ebi ló máa sùn. Lọ́jọ́ kan Yusrah bi mí pé, "Daddy, so níbo lẹ máa dúró lọ́jọ́ náà?" Mo dáhùn láìronú pé, "Lọ́dọ̀ àwọn ará iṣẹ́ mi ni." Ó ní, "It's calm," ìyẹn ni pé kò burú, ó sì yára bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Ó yẹ kí n ti gbọ́ ohun tó wà nínú ìyẹn.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà ní pápá Stockwell. Ènìyàn á tó igba ní ẹ̀gbẹ́ pápá, àwọn Peckham ń kọrin lápá kan, àwa náà ń kọrin lápá kejì. Ayò kan sí ọ̀kan ni wọ́n parí sí, ni wọ́n bá ní kí wọ́n gbá pẹnáritì. Stockwell gbá márùn-ún, márààrún wọlé. Peckham gbá mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ wọlé. Ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo. Mo rí híjáàbù pupa tó ń bọ̀ láti àárín pápá, mo sì mọ ẹni tó ni ín.

Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó tún un gbé, ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ara jẹ́sì. Lẹ́yìn náà ló gbá a sí apá òsì. Aṣọ́lé Stockwell nà gbọọrọ, orí ìka ló fi kàn án, bọ́ọ̀lù gbá òpó, ó sì yí lọ síta.

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹsẹ̀ mi ti kúrò nílẹ̀. Mo fò sókè, mo ké. Adékúnlé tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dì mọ́ mi, àwa méjèèjì ń yí bírí bí ọmọdé. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, ikọ̀ obìnrin Stockwell kò gba ife náà rí. Ìgbà tí mo dúró ni mo tó wo pápá. Yusrah ṣì wà níbi tó ti gbá bọ́ọ̀lù náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, èmi ló ń wò. Àwọn tó ń kọrin fún Peckham ti ń lọ sí ibùdókọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì bú u lójú gbogbo ayé. Mo fẹ́ lọ bá a, ṣùgbọ́n mo wo ara mi nínú aṣọ aláwọ̀ ewé, ojú tì mí. N kò lọ.

Nígbà tó délé, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Daddy, ẹ jump. Mo rí yín." Mo ní ẹsẹ̀ lásán ni, pé kì í ṣe ọkàn mi. Ó ní, "Okay, sir," ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káalẹ́ sà" nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ọmọ tó máa ń kí mi ní "Wagwan, Popsy" tí màá ṣe bí ẹni pé inú ń bí mi. Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi, Hameedah, ọ̀wọ̀ náà sì ń dùn mí wọra. Mummy yín kò pariwo. Ó kàn bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Daddy Hameedah, ta lẹ bí nínú Stockwell àti Yusrah?"

Lọ́jọ́ Ajé, Adékúnlé pè mí níbi tí a ti ń mu tíì níbi iṣẹ́. Ó ní, "Bọ̀dá Làtíìfù, ẹ wá wo ara yín, ẹ ti di star!" Ẹnì kan ti fi fídíò pẹnáritì náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi orin ẹ̀fẹ̀ sí i lábẹ́. Mo wò ó. Ọmọbìnrin kan di orí mú níwájú, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan sì ń fò lẹ́yìn rẹ̀, ó la ẹnu gbàǹgbà. Ẹni tí kò mọ̀ wá yóò rò pé ọ̀tá ọmọ náà ni bàbá yẹn. Mo ní, "Adékúnlé, ọmọ mi nìyẹn." Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Yusrah? Yusrah tí ẹ máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi yẹn?" Mo ní òun ni. Ó ní, "Bọ̀dá mi, kí lẹ wá ń ṣe lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn?" Adékúnlé bẹ ẹni tó gbé fídíò náà jáde títí ó fi yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ó ti dé ọ̀pọ̀ fóònù.

Ó ku bọ́ọ̀lù kan tí Peckham máa gbá nínú líìgì kí sáà tó parí. Kò já mọ́ nǹkan kan mọ́, wọn kò lè gòkè, wọn kò sì lè jábọ́. Ara ìwé ètò bọ́ọ̀lù wọn tó wà lára fíríìjì ni mo ti rí ọjọ́ rẹ̀. Mo gba àyè níbi iṣẹ́. Bí mo ṣe fẹ́ jáde, mo rántí pé n kò ní aṣọ pupa kankan, ni Mummy yín bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó yọ ìborùn pupa rẹ̀ tó fi ń lọ sí mọ́sálásí, ó wé e mọ́ mi lọ́rùn.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú gbogbo èrò ọjọ́sí, àwa méje péré ló wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, wọ́n ti gbá ayò méjì wọlé Peckham. N kò mọ orin wọn kankan, torí ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń kọ orin ta kò wọ́n. Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni oríkì rẹ̀. Mo ké pé, "Àjọkẹ́! Àjọkẹ́ o!" Yusrah yíjú padà bí ẹni tí wọ́n sọ òkò lù. O mọ̀ pé ó ti kìlọ̀ fún mi kí n má pe orúkọ yẹn níta láéláé. Mo tún pè é. Ìgbà tó yá, àwọn ọmọ ikọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "Ajokay! Ajokay!" pẹ̀lú ohùn òyìnbó wọn. Mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń sáré nínú ẹrẹ̀. Wọ́n gbá ayò kẹta wọlé wọn, èmi kò kúrò níbi tí mo dúró sí títí rẹfirí fi fọn fèrè ìkẹyìn.

Ó wá bá mi, omi ń kán láti orí rẹ̀. Ó ní, "Daddy, three-nil." Mo ní mo wà níbẹ̀, mo rí gbogbo rẹ̀. A jọ rìn lọ sí ibùdókọ̀. Bàbá mi kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi rí, n kò sì mọ bí bàbá ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n mo dúró, mo ní, "Yusrah, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀wọ́, má bínú." Ó ní, "Daddy, ẹ stop it, ẹ máa jẹ́ kí n cry ní bus stop." Ó sì sunkún lóòótọ́, ó gbé orí lé mi léjìká, ìborùn Mummy yín rin gbindin. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Mi ò ní kí ẹ fi Stockwell sílẹ̀ o. Wọ́n nice sí yín nígbà tí Grandma kú. Mo kàn fẹ́ kí ẹ máa kọ́kọ́ wá mi."

Ohun tó ká mi lára jù nìyẹn, Hameedah. Kò béèrè pé kí n yí padà. Ó ní kí ojú mi kọ́kọ́ wá òun. Mo ti sọ fún Adékúnlé pé lọ́dún tó ń bọ̀, tí wọ́n bá tún pàdé, màá fa ìlà pápá náà dáadáa bí mo ṣe máa ń ṣe, lẹ́yìn náà màá rìn lọ sí apá kejì. Ó pè mí ní Júdásì, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí n bá òun kí Yusrah. Ìwọ náà, tí o bá rántí ọjọ́ kan tí o wá ojú mi láàárín èrò tí n kò wo ọ̀dọ̀ rẹ, sọ fún mi. Mo lè gbọ́ ọ báyìí.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Kí àwọn tí o ń tọ́jú máa gbádùn lọ́wọ́ rẹ, kí ìwọ náà má ṣe aláìsàn. Kí ó fi ẹni tó máa dúró tì ọ́ lọ́jọ́ ayọ̀ àti lọ́jọ́ ìjákulẹ̀ ṣe alábàárìn rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Làtíìfù.

Àfikún: Yusrah kò mọ̀ pé mo kọ ìwé yìí. Tó bá pè ọ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn náà, jọ̀wọ́ ṣe bí ẹni pé o kò gbọ́ rí, kí o jẹ́ kó sọ tiẹ̀ tán.