Ìyá Alájọ Adébáyọ̀ àti Báǹkì Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Ẹ kú ulé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ níbí, orí yìnyín ni mo kúnlẹ̀ sí, kí ẹ lè mọ bí ọ̀wọ̀ náà ṣe pọ̀ tó. Mo kí Bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń fi ayùn bá pákó jà. Mo kí ìyá àgbà ní Ìyìn. Mo kí Bùọ̀dá Ràṣídì, àbúrò yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni wọ́n kó gbogbo wa sínú wàhálà yìí. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, mo gbọ́dọ̀ kí wọn. Mo sì kí àwọn ìyá mi méjìlá tí wọ́n ń dá àjọ lọ́dọ̀ yín. Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan nínú wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti ń pè yín tí ẹ kò gbé fóònù. Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ ní ọmọ tí ẹ rán lọ sókè òkun ti di òyìnbó, pé ó ti ń fi ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ṣeré. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí gbangba, kí gbogbo Adó lè bá mi kà á sí yín létí. Bí ẹ bá di etí kan, ẹnì kan á kà á sí èkejì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé mo wà láàyè. Òtútù Síwísálàǹdì yìí kì í ṣe òtútù ọmọ ènìyàn. Bí o bá kí ẹnì kan níta láàárọ̀, ọ̀rọ̀ náà á dì lójú ọ̀nà. Ó di ọ̀sán kó tó gbọ́ pé o kí òun. Ilé búrẹ́dì tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ nìkan ló máa ń móoru. Ìyẹ̀fun tí mo ń pò lójúmọ́ pọ̀ débi pé apá mi ti le bíi ti ẹni tó ń gúnyán fún gbogbo ìlú Ìyìn. Ọ̀gá mi ní mo mọṣẹ́, àmọ́ ẹnu mi ti pọ̀ jù. Mo ní ilé ni mo ti gbé e wá. Àǹtí Sìdí, ẹ̀gbọ́n Bàbá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ń tọ́jú mi dáadáa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n ń bá kiri. Àwọn aládùúgbò wa kì í kí ènìyàn. Mo kí ìyá kan lórí àtẹ̀gùn, ó sáré wọlé, ó ti ilẹ̀kùn pa. Nígbà mìíràn mo máa ń kí ara mi nínú dígí, kí ẹnu mi má baà gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó. Ẹ ò lè gbàgbé bàbá kan tó gun ọ̀kadà wá sí ṣọ́ọ̀bù ike yín ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, kí n tó kúrò nílé. Mi ò ní sọ ìlú tó ti wá. Ó ní òun fẹ́ mọ iye tí ìyàwó òun ti dá sọ́dọ̀ yín, nítorí òun ni ọkọ. Ẹ fún un ní àga. Ẹ fún un ní omi tútù. Ẹ béèrè àlàáfíà ilé, ẹ béèrè ti oko, ẹ béèrè ti ewúrẹ́. Ìgbà tó ti rọ̀ tán ni ẹ wá rẹ́rìn-ín sí i, ẹ ní ẹ kò lè sọ bóyá ìyàwó rẹ̀ ti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yín kọjá rí. Èmi náà kò ní sọ bóyá ẹnì kan lúgọ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù tí mo jókòó lé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé dúrọ́ọ̀mù náà sín, mo sì sáré sọ pé èmi ni.

Bàbá náà bínú lọ, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn yín kò ti balẹ̀ mọ́. Ẹ ní bí ọkọ kan bá lè wá, ọkọ méjìlá lè wá. Ìgbà náà ni Bùọ̀dá Ràṣídì gbé ìmọ̀ràn wọn dé. Wọ́n ní báǹkì ilẹ̀ tí Básírà wà kì í sọ̀rọ̀, kódà kí ọba kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ńlá ń kó tiwọn pamọ́ sí láti ìgbà tí a kò tíì bí mi, kí ló dé tí tàwọn ìyá Adébáyọ̀ kò fi ní débẹ̀? Ẹ gbà wọ́n gbọ́. Èmi náà gbà wọ́n gbọ́, mi ò ní parọ́. Mo tiẹ̀ fọ́nnu fún yín pé aṣọ́nà báǹkì mi kò mọ orúkọ ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é bí àwa ṣe máa ń ṣe é. Ọkùnrin ará Ìyìn kan tó ń ṣiṣẹ́ níbí ń wá náírà tí yóò fi ra páànù ilé rẹ̀. Ẹ kó náírà àjọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́hùn-ún, òun sì san owó ibí sínú akáúǹtì mi. Gbogbo rẹ̀ ìbá ti lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi ohun kan. Ọjọ́ àjọ, kí ẹ tó di owó, ẹ máa ń pe orúkọ ìyá kọ̀ọ̀kan sókè, kí Ọlọ́run lè mọ owó ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ wá ní kí ọkùnrin yìí má ṣe fi èyí sílẹ̀. Ọmọlúàbí ni, ó gbọ́ràn. Níbi tí báǹkì ní kó kọ ìdí tó fi ń san owó sí, orúkọ ìyá méjìlá ló kọ síbẹ̀, pẹ̀lú àmín.

Ní ọjọ́ kẹta, báǹkì ti akáúǹtì mi pa, owó iṣẹ́ mi náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n pè mí. Obìnrin kan tó wọ gíláàsì, tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ló gbà mí. Kí n lè fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni Bùọ̀dá Ràṣídì sọ, mo bi í bóyá àwọn èèyàn ńlá ilẹ̀ wa ní owó lọ́dọ̀ wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò lè sọ bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ oníbàárà àwọn tàbí kò jẹ́. Màámi, mo rò pé ṣọ́ọ̀bù yín ni mo wà! Dúrọ́ọ̀mù nìkan ló kù.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọjú sí mi. Ìbéèrè tó bi mí ju èyí tí Málàíkà ń bi òkú nínú sàréè lọ. Ta ni àwọn méjìlá yìí? Níbo ni wọ́n ń gbé? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe kí owó náà tó wá? Ó ṣàlàyé fún mi pé àṣírí tí wọ́n ń pa mọ́, ará ìta ni wọ́n ń pa á mọ́ fún: aládùúgbò, ọ̀rẹ́, ọkọ. Báǹkì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni owó gan-an. Bí olówó náà bá sì ń gbé ilẹ̀ mìíràn, ọdọọdún ni ìròyìn akáúǹtì rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ nítorí owó orí. Bùọ̀dá Ràṣídì, ẹ gbọ́ o. Ọdọọdún!

Ó wá gbé fọ́ọ̀mù síwájú mi, pé kí n kọ orúkọ ẹni tó ni owó, kí n sì buwọ́ lù ú. Bí mo bá kọ ọ́ pé tèmi ni, wọ́n á ṣí akáúǹtì mi. Bí irọ́ bá sì ni, ọlọ́pàá ló kàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjìdínlógún, òfin ibí ti kà mí sí àgbà, kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá mi buwọ́ lù ú. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Mo pè yín. Bùọ̀dá Ràṣídì gba fóònù lọ́wọ́ yín, wọ́n ní kí n sọ pé owó ìdána mi ni. Mo bi wọ́n pé ọkọ mélòó ló fẹ́ mi? Ẹ̀yin náà ní kí n buwọ́ lù ú, pé ọmọ yín ni mí, ohun tó wà lọ́wọ́ yín, tèmi ni. Ẹ sunkún. Ẹkún yẹn ló dùn mí jù, ju òtútù lọ.

Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ ojú irin tí mo wọ̀ padà lọ sí báǹkì, ohun tí mo ń rántí ni ọjọ́ tí mo mú díẹ̀ nínú owó àjọ ìyá kan, mo fi ra bọ́nsì fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo ń yangàn pé owó wa ni. Ẹ ò nà mí. Ẹ fà mí lọ sọ́dọ̀ ìyá náà nínú oòrùn, mo kúnlẹ̀, ẹ ní kí n tún un sọ níwájú rẹ̀ pé owó wa ni. Kò jáde lẹ́nu mi. Ẹ ní kí n rántí pé kò jáde. Màámi, mo dúró síwájú fọ́ọ̀mù yẹn, bíírò wà lọ́wọ́ mi, kò sì jáde.

Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe tèmi. Mo ní kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó san án. Ó tún béèrè ilé àwọn méjìlá, mo ní owó ni ìyá mi fi rán mi, èmi kò gba àṣẹ láti mú ẹnikẹ́ni délé wọn. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi rò ó. Búrẹ́dì tó jóná ni mo ń jẹ, inú mi ti dúdú bí ìkòkò. Ní ọjọ́ kọkànlá, owó padà sọ́dọ̀ ará Ìyìn náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì ra páànù. Ó ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀ òun á kó náírà yín wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kà á, kó pé. Ẹ pe àwọn ìyá mi, kí kálukú gba tirẹ̀ lọ́wọ́ yín fúnra yín, kó sì pinnu ibi tó fẹ́ fi í sí. Bùọ̀dá Ràṣídì lè wá, àmọ́ kí wọ́n jókòó síta.

Ọjọ́ tí mo lọ gba akáúǹtì mi, obìnrin onígíláàsì náà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mọ́ o, òun kàn fẹ́ mọ̀: níbo ni àwọn ìyá yẹn yóò wá máa tọ́jú owó wọn báyìí? Mo wò ó. Mo rẹ́rìn-ín sí i bí ẹ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Mo béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, mo béèrè ti ọmọ rẹ̀, mo tún béèrè ti ajá rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní kó má bínú, mi ò lè sọ bóyá mo mọ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ rí.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kó bo gbogbo àwọn tó fọkàn tán yín láṣìírí. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí ará ṣọ́ọ̀bù ọ̀tún àti tòsì, ẹ bá mi gbá dúrọ́ọ̀mù búlúù náà mọ́ra. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ kọ́ tó sì gbọ́,
Básírà