Ohùn Tó Ṣáájú Ẹnu

Yàrá Kejì, Òkè Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ kọkànlélógún, Oṣù Kẹfà.

Elétí Ehoro, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ilé ńkọ́? Ṣé ìyàwó wà dáadáa? Ṣé ikọ́ àwọn ìbejì ti lọ, ṣé orúnkún Màmá sì ti ń jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti òkè? O kú iṣẹ́ rédíò o. Ní tèmi, ara le, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́. Má bínú pé o ò gbúròó mi. Ojú ló ń tì mí.

O rántí ọ̀rọ̀ hẹ́ẹ̀dífóònù tí a jọ fà níjọ́sí. O ní bí mi ò bá fẹ́ wáyà mọ́, kí n má ra ti búlútúùtù lásán fún iṣẹ́ fídíò, torí ohùn máa ń pẹ́ dé etí níbẹ̀. O ní kí n ra èyí tó ní ohun kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà kí ohùn má bàa pẹ́. Mo kọ etí ikún sí ọ. Mo gbé dúdú kan tó ń dán sórí níṣọ́ọ̀bù, mo fi orin dán an wò, ó dùn, mo bá rà á. Ta ló ń wo ẹnu olórin?

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan gbé iṣẹ́ wá fún wa níbi tí mo ti ń bá ọ̀gá mi to fídíò. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù, ti kú. Kó tó kú, wọ́n ya fídíò rẹ̀ lórí ibùsùn níbi tó ti ń bá ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin ọdún méje. Kámẹ́rà ló ya àwòrán, ẹ̀rọ mìíràn ló gba ohùn, èmi ni mo máa so wọ́n pọ̀. Bí mo ṣe ń wò ó, ohùn ń kẹ́yìn ẹnu. Mo ń fà á síwájú, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, fún ọjọ́ méjì gbáko, títí ó fi bára mu létí mi. Mi ò mọ̀ pé hẹ́ẹ̀dífóònù ló ń wọ́ ẹsẹ̀. Ọ̀gá mi yìn mí. Hẹ́ẹ̀dífóònù kan náà lòun náà fi gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, obìnrin náà padà wá. Kò pariwo. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ní òun kó ẹbí jọ sí pálọ̀, ohùn ọkọ òun sì ń jáde kí ẹnu rẹ̀ tó ṣí. Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, dádì mi kọ́ nìyẹn. Ẹnì kan ló fara pamọ́ tó ń sọ̀rọ̀ dípò wọn." Ó lọ ń wá ẹni náà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà yẹn ni mo rántí ọ̀rọ̀ tí o sọ.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta hẹ́ẹ̀dífóònù. Mi ò gbọ́ orin kankan. Fídíò ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ ni mo ní kó fi sí kọ̀ǹpútà, mo gbé mẹ́ta sórí lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Èyí tí o sọ yẹn nìkan ni ọwọ́ àti ohùn ti pàdé. Ó wúwo, kò sì lẹ́wà rárá. Mo rà á, mo tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe.

Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sílé wọn lánàá. Ohùn bá ẹnu mu régí. Ìyá ọmọ sunkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ìyẹn tún dùn mí ju èébú lọ. Ọmọ náà kò jókòó. Ó lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu bàbá rẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń gbọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, ó ti dáa báyìí. Gbé ọwọ́ kúrò, kí o wò ó."

Ó mirí. Ó ní, "Ohùn dádì mi nìyí. Ẹnu yìí ni kì í ṣe tiwọn. Òun ló ń pẹ́ ṣí níjọ́sí."

Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ìbejì, kí o sì bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Bí o bá mọ ohun tí èèyàn lè sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́, kọ ọ́ sí mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbọ́ràn,
Alágídí.