Orúkọ Tí O Fi Ń Wá Dámiláre

Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó.

Morónkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù Barking ní London. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ tìrẹ náà. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún, òrùlé yàrá ẹ̀yìn sì ń jò, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ mú bírò.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ rẹ tí o ròyìn lórí fóònù, pé ìránṣẹ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà yín tó ń ka ìwé gígùn, bí èèyàn bá fún un ní ọ̀rọ̀ kan, á wá a káàkiri. O ní tẹ́lẹ̀, bó bá ti dé ìsàlẹ̀ ìwé, á dúró, á ní òun ò rí i, àmọ́ ẹ ti tún un ṣe báyìí, fúnra rẹ̀ ló ń padà sókè lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní, kò sì bìkítà bóyá lẹ́tà ńlá ni tàbí kékeré. Mo ní ẹ máa fún un lóúnjẹ o, nítorí onísùúrù ni. Mo bẹ̀ ọ́ kí o rán an lọ wá Dámiláre àbúrò rẹ, o ní ìwé tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ nìkan ló ń wò. Mo ní kí wọ́n gbé gbogbo ìwé London síwájú rẹ̀.

Morónkẹ́, má bínú sí mi. Láti ọdún méjì tí wọ́n ti wó ilé tó ń gbé ní Gascoigne, tí a ò gbóhùn rẹ̀ mọ́, o ti bèèrè rẹ̀ ní ọjà Vicarage Field, o ti bi àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní Chadwell Heath, gbogbo wọn ní àwọn ò mọ Dámiláre. Wọn ò purọ́. Èmi ni mo purọ́. Olúṣínà, ọmọ Yẹ̀kínì aládùúgbò wa, ti gbé London rí kó tó padà wálé, ìwé ìgbélùú rẹ̀ ni Yẹ̀kínì yọ fún mi láìjẹ́ kó mọ̀, òun ni àbúrò rẹ fi ń ṣiṣẹ́. Olúṣínà ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ojú ló ń tì mí tí n kò fi sọ fún ọ. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, èmi ò wolé, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ni mo gbé fún tèmi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́tà kan dé ilé Yẹ̀kínì láti London, pé Olúṣínà ti kú, kí ẹbí wá gbé òkú rẹ̀. Olúṣínà fúnra rẹ̀ ló kà á, ẹ̀bà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín pé òyìnbó ti sin òun láàyè. Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Yẹ̀kínì nìkan ni kò rín, èmi ló ń wò. Mo dé yàrá mi, n kò lè bọ́ bàtà.

Ìyá rẹ ò tíì mọ̀. Rán ìránṣẹ́ yẹn padà sókè, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní, kó wá Olúṣínà. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní pẹ́ rí i.

Owó òrùlé tí mo ti ń tọrọ tẹ́lẹ̀, má fi ránṣẹ́ mọ́, kó máa jò. Èyí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, jọ̀ọ́, fi gbé àbúrò rẹ wálé. Ọlọ́run á dá ìwọ sí fún wa, ìwọ ni yóò sin wá. Àmọ́ kí o tó gbé e, jẹ́ kí wọ́n pa orúkọ ọmọ Yẹ̀kínì rẹ́ lára pósí, kí wọ́n kọ Dámiláre síbẹ̀, ní lẹ́tà ńlá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gbádégẹṣin.