Fíìmù Tí Mi Ò Wò Dópin

Màmá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà ní Bẹyẹrunkà níbí kí n tó sọ ohunkóhun. Mo kí Bọ̀dá Jósẹ́fù, ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ń bá gbé, mo kí ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Irú lẹ́tà yìí kan náà ni mo máa ní kí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì wa, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀yin nìkan. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Lánàá mo jókòó ti máṣíìnì, mo sì ran apá yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ọrùn.

Ooru Ìbàdàn kò ṣàánú ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí. Páànù ilé tó ti dípẹtà láti Bẹẹrẹ dé Mápó ń gbóná bí ààrò. Iṣẹ́ aránṣọ ń lọ, mo dúpẹ́. Àdágbé ló ń yọ mí lẹ́nu. Òun náà ló jẹ́ kí n tètè gbà nígbà tí Fádà wa ní kí n máa wá fíìmù tí àwa àgbàlagbà ìjọ Àgùdà á máa wò ní gbọ̀ngàn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì Lẹ́ńtì, lẹ́yìn Ọ̀nà Àgbélébùú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fíìmù tó ní làákàyè, tó ń gbé ọkàn ró, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi owó ara wọn yà láìsí ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn.

Ẹ bá mi wá a kí ẹ rí i. Ní Ògùnpa, ọkùnrin tó ń ta fíìmù bi mí pé ṣé èyí tí wọ́n ti ń lé ẹ̀mí èṣù ni. Mo ní rárá. Ó ní kí wá ni onígbàgbọ́ fẹ́ máa wò? Ó gbé ìtàn ẹni mímọ́ kan fún mi, kàtúùnù ọmọdé tó ń fò kiri. Nígbà tá a wò ó, bàbá katikíìsì sùn, wọ́n hanrun.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé òmíràn jáde. Ìyá àgbà kan wà lára páálí rẹ̀ pẹ̀lú rósárì gígùn lọ́wọ́. Inú mi dùn, mo ní ti Àgùdà rèé o. Mo wò ó bí ogún ìṣẹ́jú nílé: ìyá náà ń gbàdúrà, ó ń tọ́jú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ni wọ́n bá mú iná lọ. Mi ò wò ó dópin. Rósárì tí mo rí ti tó mi.

Ọjọ́ Ẹtì la tàn án sára aṣọ funfun lára ògiri. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí ni àṣírí tú pé àjẹ́ ni ìyá yẹn, pé oyún ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ti jẹ ló ń fi rósárì kà, ìlẹ̀kẹ̀ kan fún oyún kan. Mo rí i tí ojú gbogbo èèyàn ń yí sí ọ̀dọ̀ Ìyá Kristíánà.

Ìyá Kristíánà ni arúgbó tó máa ń gbẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń ka rósárì títí wọ́n á fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń bá ọmọ wọn gbé. Oyún ti bàjẹ́ lára ìyàwó ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún ti lóyún báyìí. Òun náà wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, kò sẹ́ni tó jókòó ti Ìyá Kristíánà lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tá a ń kí ara wa ní àlàáfíà nínú Mísà, wọ́n nawọ́ títí, kò sẹ́ni tó gbà á. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ wọn kó ẹrù wọn síta. Kò bú wọn o. Ó kàn ní kí wọ́n wá ibi kan sùn títí ìyàwó òun á fi bímọ.

Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà báyìí, nínú yàrá kan ṣoṣo yìí. Wọn ò mọ̀ pé èmi ni mo yan fíìmù náà láìwò ó tán. Wọ́n ń ṣàdúrà fún mi pé mo ṣàánú àwọn, àdúrà náà sì ń já mi láyà. Lánàá, ẹnìkan ju òkò lu páànù wa lọ́sàn-án gangan. Alhaji onílé wa gbé àga, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà wọn. Wọ́n ní, “Ẹni tó bá ní àjẹ́ ni ẹni tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀, kó ti orí mi bẹ̀rẹ̀.” Síbẹ̀ mi ò lè jẹun.

Mo ti rí fíìmù mìíràn. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Agodi ló fi owó oṣù rẹ̀ yà á. Ó dá lórí bàbá kan tó ń lọ sí Mísà lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí kò lè dárí ji ọmọ rẹ̀. Kò sí àjẹ́, kò sí ariwo. Mo wò ó dópin lẹ́ẹ̀mẹta, mo sunkún. Lọ́la la máa wò ó, àmọ́ Fádà ní kí n kọ́kọ́ dìde, kí n sọ ohun tí mo ṣe lójú gbogbo ìjọ, lójú Ìyá Kristíánà. Tí wọ́n bá gbọ́, ṣé wọ́n á ṣì lè sùn lórí ẹní mi?

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó Bọ̀dá Jósẹ́fù pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní wọ́n fi fídíò kan ránṣẹ́ sí òun lórí Wáàsáàpù, ẹnìkan ló fi fóònù ká fíìmù àjẹ́ yẹn sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn wa. Ó ní òun gbọ́ ohùn mi níbẹ̀, tí mo ń sọ pé kí wọ́n fọkàn bá a lọ, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá rọra bi mí pé, “Aǹtí, ṣé láti kékeré yín ni Màmá ti máa ń dá jókòó ka rósárì nínú òkùnkùn?”

Bọ̀dá Jósẹ́fù, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń ka lẹ́tà yìí fún Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè kí ìyàwó yín náà gbọ́. Ohùn mi ni lóòótọ́. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Èmi ni mo gbé irọ́ yẹn wọ ilé Ọlọ́run.

Màmá, ẹ máa bọ̀. Yàrá mi kéré, ẹní á gba ẹni mẹ́ta. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n á kó ẹrù yín síta. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́ wa di ẹni tí wọ́n ń sá fún. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí ìyàwó wa náà dáadáa.

Èmi tí mo fi ohùn ara mi kó bá yín,
ọmọ yín,
Fẹlísíà.