Bàbá Agbóhùnmì àti Ihò Tí Wọ́n Dí

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ọdún 2025, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni ìròyìn ikú Bàbá wa dé yàrá ìpàdé tí ó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn yìí. Ìgbìmọ̀ ilé ń ṣèpàdé lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni bí a ó ṣe tú pákó mẹ́rìnlélógún tí Bàbá kàn mọ́ ògiri ilé ìjọsìn dànù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá, tí í ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀, ni a pè lórí fóònù. Ó sọ ohun tí ó gbọ́. Alága ní kí gbogbo ilé dìde fún ìṣẹ́jú kan, gbogbo ilé sì dìde. Nígbà tí ìṣẹ́jú náà pé, alága jókòó, ó ní, "Ó ṣe wá láàánú púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí á padà sórí pákó."

Ẹbí ti gbìyànjú láti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò lọ. A mọ̀ pé ìwé ètò ìsìnkú kì í ṣe ibi ìjà. Ṣùgbọ́n ìtàn ìgbésí ayé ni a ní kí á kọ, ìgbésí ayé Bàbá kò sì ṣeé kọ kí á fo èyí.

Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án ọdún 1948 ni a bí Bàbá, nínú yàrá kan tí ó wà lókè ibi tí wọ́n ti ń la igi. Lagilagi ni baba tí ó bí wọn, ọmọ lagilagi sì ni òun náà. Aránṣọ ni ìyá wọn. Bàbá ni ìkẹrin nínú ọmọ mẹ́fà. Ìyá wọn a máa sọ pé bí ayùn bá ti ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, ẹnu ọmọ náà tí ó là sílẹ̀ nìkan ni òun fi ń mọ̀ pé ó ń ké.

Ní ọdún 1955, Bàbá wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́fà ní ọdún 1961. Wọ́n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní kíláàsì. Olùkọ́ wọn kan kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde ìdánwò pé, "Ọwọ́ ọmọ yìí gbọ́n ju ẹnu rẹ̀ lọ." Bàbá tọ́jú ìwé náà títí di ọjọ́ ikú wọn.

Ní ọdún 1963, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ àga àti tábìlì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kò gba gbẹ̀rẹ́. Ọdún méje ni wọ́n lò níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀gá náà fi ń jí wọn láràárọ̀: "Ihò lára pákó, ìtìjú káfíńtà ni." Wọ́n á po ìyẹ̀fun igi mọ́ gúlú, wọ́n á fi dí gbogbo ojú ìṣó, wọ́n á fi sàńpépà yún un títí ojú kò fi ní rí i mọ́. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní ọdún 1970, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tí Bàbá kàn ní ọdún náà ṣì wà ní ilé àbúrò wọn obìnrin, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò tíì fà nílẹ̀ rí.

Ní ọdún 1974, Bàbá fẹ́ Ìyá wa, olùkọ́ ìṣirò. Èéyi ti gba etí òsì Ìyá láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá fẹ́ràn láti máa sọ pé apá ọ̀tún Ìyá ni àwọn jókòó sí lọ́jọ́ tí àwọn kọ́kọ́ pàdé, kí ọ̀rọ̀ àwọn má bàa ṣòfò. Ìyá ní irọ́ ni, àga tí ó ṣófo ni Bàbá rí.

Inú ilé ìjọsìn yìí ni wàhálà wà. Òrùlé ga, ògiri le, ilẹ̀ ń dán. Bí alùfáà bá sọ̀rọ̀ kan, kò ní tíì sọ̀ kalẹ̀ tí èkejì yóò ti gùn ún lẹ́yìn. Ẹni tí ó ní etí méjì ń tiraka, áńbọ̀ǹtórí ẹlẹ́tí kan. Bí wọ́n bá délé, Ìyá á bèèrè ohun tí alùfáà wí. Bàbá, tí ó jẹ́ pé oorun ni wọ́n sùn, á ní, "Ó ní kí á fẹ́ràn ara wa." Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún Ìyá ní, "Bàbá, ṣé ìwàásù kan ṣoṣo ni alùfáà yìí ní ni?"

Ní ọdún 1986, ẹnì kan tí ó ń tún dùùrù ṣe wá sí ìjọ. Ó pa àtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ní àárín ilé, ó tẹ́tí, ó sì sọ fún Bàbá pé, "Etí ìyàwó yín kọ́ ni ó ń ṣàìsàn, ilé yìí ni." Ó fi fóòmù aláwọ̀ eérú kan han Bàbá, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kí ó lè máa mu ìró. Àwọn alàgbà kọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn kò ní í lẹ bẹ́ẹ̀dì mọ́ ògiri Olúwa.

Nítorí náà ni Bàbá ṣe jókòó ti iṣẹ́ náà fún ọdún márùn-ún, títí pákó tí ń mu ìró fi jọ ohun ọ̀ṣọ́ inú ilé. Ọ̀gánwó ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀. Wọ́n fa ilà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n sì lu igba ihò sínú ilà wọ̀nyí lára pákó kọ̀ọ̀kan, ihò tí kò ju ẹnu bírò lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà, lẹ́yìn aṣọ ni irun àgùntàn tí ó nípọn tó ìka mẹ́rin. Ìró á gba ihò wọlé, á sọnù sínú irun, kò ní padà wá mọ́. Ọ̀gá àtijọ́ wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, "Ọdún méje ni mo fi kọ́ ọ ní dídí, o wá lọ kọ́ ara rẹ ní lílu."

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1991 ni àwọn alàgbà gbà kí wọ́n kàn án mọ́ ògiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kọ́bọ́ọ̀dù ni. Ìyá àgbà kan fọwọ́ pá ọ̀kan káàkiri, ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí i kí òun lè gbé báàgì òun sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, lójú ọ̀nà ilé, Ìyá ni ó ròyìn ìwàásù fún Bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe Bàbá ní Agbóhùnmì. Bàbá ṣe irú pákó yìí fún ilé ẹjọ́, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà. Ọmọṣẹ́ mọ́kànlá ni wọ́n kọ́ yanjú. Ní gbogbo ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, Bàbá fúnra wọn ni wọ́n ń tún àga ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kàn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n.

Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ ilé ní kí á tún ilé ìjọsìn kùn. Alága rí ihò lára pákó, ó ní kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Ó pàṣẹ kí á fi pọ́tì dí gbogbo rẹ̀, kí á sì kun fáníṣì lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ tí Bàbá fi ẹwà bò ni ẹwà rẹ̀ wá pa, nítorí pé ó jọ ohun ọ̀ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ bí ohun ọ̀ṣọ́. Ó dán. Ó sì di ògiri lásán. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn, ìgbìmọ̀ náà sì kéde láti orí àga ìwàásù pé pákó Bàbá ti gbó, pé bóyá kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ rí.

Bàbá lọ bá wọn. Bàbá ṣàlàyé ohun tí ihò náà wà fún. Alága ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi. Ayé ti kọjá pákó." Bàbá kò padà lọ mọ́. Láti ọjọ́ náà, wọn kò sùn mọ́ nínú ìsìn. Wọ́n á jókòó sí apá ọ̀tún Ìyá, wọ́n á máa kọ ìwàásù sínú ìwé fún un, fún ọdún méje àti àbọ̀. Ìwé mọ́kàndínlógún ni a kà nínú yàrá wọn.

Ẹ jẹ́ kí á sọ èyí tí ó dùn wá jù. Lẹ́yìn ikú Bàbá, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ṣí fáìlì ọdún 1991. Ó bá lẹ́tà Bàbá níbẹ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, ihò ara pákó wọ̀nyí, ọ̀nà ohùn ni. Ẹ má ṣe dí wọn láéláé." Òǹtẹ̀ ìgbìmọ̀ wà lórí rẹ̀ pé a rí i gbà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni lẹ́tà náà ti wà ní àpótí ìgbìmọ̀ kí pọ́tì tó dé. Ẹnikẹ́ni kò wò ó. Ohun tí wọ́n kò kà ni wọ́n fi ba orúkọ ènìyàn jẹ́. Kì í ṣe pákó Bàbá ni ó gbó. A kò bèèrè owó, a kò bèèrè oyè. Kí a sọ òtítọ́ náà láti orí àga ìwàásù, níbi tí a ti kéde irọ́ rẹ̀, ni a ń bèèrè.

Bàbá lo oṣù méjì lórí àìsàn àyà. Wọ́n fi Ìyá sílẹ̀ sáyé, àti ọmọ mẹ́ta: obìnrin àgbà tí ó ń ṣe iṣẹ́ Bàbá, ọkùnrin tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti àbígbẹ̀yìn obìnrin tí ó jẹ́ olùkọ́ bí ìyá rẹ̀, ọmọ-ọmọ méje, àbúrò obìnrin kan, àti akọ̀wé tí ó sọ òtítọ́. Bàbá, ẹ sinmi ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í sọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn yín. Kí ilẹ̀ fúyẹ́ lórí yín.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá, alùfáà ṣílẹ̀kùn ilé ìjọsìn fún wa. A kò gba ìwé lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kankan. A mọ̀ pé pákó méjì kò lè ṣe iṣẹ́ mẹ́rìnlélógún, ṣùgbọ́n ibi tí Ìyá máa jókòó sí lónìí ni a bẹ̀rẹ̀ sí. Láti àárọ̀ di ọ̀sán, ọmọ Bàbá obìnrin àgbà ń fi ìlu, irin ṣóńṣó tí a fi ń lu ihò, yọ pọ́tì kúrò nínú ihò, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, àwa ìyókù ń fẹ́ eruku rẹ̀ dànù. Nígbà tí ó ku ẹyọ kan nínú irinwó, Ìyá dìde, wọ́n gba ìlu lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì la èyí fúnra wọn.