Àmì Inú Ìdérí Aago Tíṣà Bùsàrí

                                        Ilé Kejìlá, Òpópónà Alárápé,
                                        Ẹ̀gbẹ́dá,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, ọdún 2011.

Báyọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyá Ìbejì ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀? Táyéwò ńkọ́, ṣé ó ti ríṣẹ́ sí Ìlọrin níbẹ̀, àbí ẹ̀bà rẹ ló ṣì ń jẹ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀? Kẹ́hìndé nílé ọkọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé gbogbo yín wà ní pípé, nítorí pé ìròyìn burúkú kì í pẹ́ dé Èkó. Àwa náà ń bẹ níbí, a ò lè ráhùn. Ìbíyẹmí ìyàwó mi kí ọ púpọ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ẹ̀wà tí o fi ránṣẹ́ nígbà ọdún ti tán. Ó kàn ní kí n sọ ni o, kò bèèrè nǹkan kan.

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ tèmi tìrẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí káàdì yóò máa tán láàárín rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mo bá pè ọ́, kété tí mo bá ti dárúkọ Tíṣà Bùsàrí ni wàá sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Ọdún mẹ́tàdínlógójì rèé tí o ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kódà kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ eré ìyípo kan tí a sá lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ọdún 1974, ni mo fẹ́ bá ọ sọ, eré tí Tíṣà torí rẹ̀ sọ níwájú gbogbo ilé-ìwé pé o fi ìlà rẹ sílẹ̀ wọ ìlà ẹlòmíràn. Jọ̀wọ́, má fa lẹ́tà yìí ya. Mo ti rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà, inú aago Tíṣà gan-an ni mo sì ti rí i.

Ta ló lè gbàgbé aago yẹn? Aago ọwọ́ tí Tíṣà rà nígbà tó lọ kọ́ nípa eré ìdárayá ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ojú kéékèèké méjì wà nínú ojú ńlá, tí bọ́tìnì méjì sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣé o rántí bí ó ṣe máa ń fi áńkáṣíìfù nù ún kí ó tó pè wá sórí ìlà? A máa ń sọ pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ju ìyàwó lọ. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ ra aago ìdíwọ̀n eré méjì fún un, ó ní kí wọ́n má fowó ṣòfò, pé kò sí aago nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ tó lè bá tòun dọ́gba. Aago kan ṣoṣo yẹn ló ń wọn gbogbo wa.

Tíṣà ti di ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin báyìí. Ọ̀dọ̀ Sìdíkátù ọmọ rẹ̀ ló ń gbé ní Ayọ̀bọ̀, mo sì máa ń yà kí i ní ọjọ́ Sátidé bí òjò kò bá tíì ba ọ̀nà wọn jẹ́. Ní oṣù tó kọjá, a ṣe ìdíje ilé sí ilé ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá ní Ìgándò. Mo ní kí Bàbá wá ṣe àlejò wa. Ó ní ẹsẹ̀ òun ò gbé òun mọ́, ó wá bọ́ aago náà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ní kí n mú un lọ kí aago náà tún fojú rí eré lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kìlọ̀ fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní álífábẹ́ẹ̀tì: tẹ tòkè kó lọ, tẹ tòkè kó dúró, ìgbà náà ni kí o tó tẹ tìsàlẹ̀ kó padà. Mo ní, "Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni mí?"

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń lo aago oníke tí à ń fi okùn gbé kọ́rùn. Lórí tiẹ̀, bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti já okùn, bọ́tìnì kejì ni èèyàn ń tẹ̀ kó lè mú àkókò onítọ̀hún kó sì máa sáré lọ de ẹni kejì. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn débi pé n kì í ronú sí i mọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin àkọ́kọ́ dé, àtàǹpàkò mi lọ fúnra rẹ̀ sórí bọ́tìnì ìsàlẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ kẹ̀ẹ́ nínú aago. Abẹ́rẹ́ gígùn náà fò padà sókè, ó sì kú síbẹ̀. Aago ṣì ń sọ àkókò o, ṣùgbọ́n ẹ̀yà tó ń ka eré ti lọ. Báyọ̀dé, òógùn bò mí nínú ọyẹ́.

Nígbà tí Sìdíkátù bèèrè aago lórí fóònù, mo puró fún un pé a kò tíì sá àṣekágbá. Mo gbé aago lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan ní Ìkòtún, òun náà kò tilẹ̀ wò ó dáadáa. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká yọ ẹ́ńjìn ẹ̀ dànù jàre, ká fi ti bátìrì sí i. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Mo já aago mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn níbẹ̀ ló ṣàánú mi, tó júwe Alhaji Yésúfù fún mi, ará Ọ̀yọ́ kan tó jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà méjì kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ní Ẹ̀gbẹ́dá wa níbí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin yìí kọjá.

Alhaji ṣí ẹ̀yìn aago náà, ó ní, "Sùbùánálàhì," ó sì gbé e jìnnà sí ẹnu rẹ̀ kí èémí má baà kàn án. Ó yá mi ní awò tó máa ń fi há ojú. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti rò pé inú aago kì í ju wíìlì méjì mẹ́ta lọ. Ẹ̀yà tó wà nínú ohun tí kò tóbi ju owó kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ yìí lé ní igba! Wíìlì kan wà láàárín tí eyín rẹ̀ tín-ín-rín ju irun lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, ojú mi sì ṣú. Gbogbo etí irin tí ẹnikẹ́ni kò ní rí láé ni wọ́n yọ́ tí wọ́n sì dán. Mo bi Alhaji ta ni wọ́n ń dán an fún. Ó ní ẹni tó máa ṣí i lọ́jọ́ kan ni.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni irin kékeré kan tí wọ́n gé bí àwòrán ọkàn. Òòlù kan tó kéré ju èékánná ọmọ tuntun lọ ló ń lù ú nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì ìsàlẹ̀. Ibi yòówù kí abẹ́rẹ́ dúró sí lójú aago, bí òòlù bá ti kan irin náà, yóò yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, kò ní kọjá, kò ní kù. Ẹni tó ronú kan èyí gbọ́n kọjá kèrémí. Alhaji ní àwọn àgbẹ̀ orí òkè ní Siwisáláǹdì ni wọ́n ń gé irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ nígbà tí yìnyín bá bo oko wọn. Mo ní, àgbẹ̀ kẹ̀? Ó ní àgbẹ̀ ni.

Ó sọ fún mi pé nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, Faransé kan ṣe aago kan tó ń kán tàdáwà sójú ara rẹ̀ bí ẹṣin kọ̀ọ̀kan bá ti dé òpin eré. Ìyẹn ni kronógíráàfù, orúkọ tí òyìnbó ń pe irú aago yìí, fi túmọ̀ sí èyí tó ń kọ àkókò. Nígbà tó yá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rọ́pò tàdáwà, wọ́n gbé e sínú àpò, wọ́n sì gbé e dé ọrùn ọwọ́. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló ní tẹ́lẹ̀ kí ó tó di méjì. Ó ní àwọn tó rìn lórí òṣùpá pàápàá, irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ ká láìsí bátìrì. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró, kò sì gbọ̀n. Mo jókòó tì í bí ọmọ ilé-ìwé, mo gbàgbé pé ìyàwó mi ní kí n ra epo bọ̀.

Àárín ìyẹn ló yí ìdérí ẹ̀yìn aago náà sí ìmọ́lẹ̀, tó sì pè mí. Àṣà kan wà láàárín àwọn tó ń tún aago iyebíye ṣe: ẹni tó bá tú u á fi abẹ́rẹ́ ha àmì tirẹ̀ àti ọjọ́ sínú ìdérí, kí ẹni tó bá tún tú u lẹ́yìnwá lè mọ ohun tí wọ́n ti ṣe sí i. Ẹni tó ni aago kì í mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àmì méjì ló wà nínú ti Tíṣà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti òyìnbó. Ti èkejì ni lẹ́tà méjì, àwòrán òòlù kékeré kan, àti ọjọ́: 11/3/74.

Alhaji, tó ń pe èmi náà ní Tíṣà, ní, "Tíṣà, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ. Òòlù tó wà níbí kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀, èèyàn ló fọwọ́ rọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ló sì ń ṣẹ́ ẹ: kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ padà nígbà tó ṣì ń sáré."

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ yẹn bọ́ sí, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn eré wa. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rò ó. Tíṣà ní o tẹ ìlà ẹlòmíràn ní kọ́nà, ó ní èyí da eré rú fún gbogbo wa, nítorí náà kò ka àkókò ẹnikẹ́ni. Ó yọ ọ́, ó sì ní kí àwa tó kù tún un sá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Èmi tí mo ṣe ipò kejì sí ọ ni mo gbégbá orókè, èmi ni wọ́n sì mú lọ sí Ìbàdàn dípò rẹ. Ìwọ ju bàtà rẹ sórí àjà, o kò sáré mọ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Alhaji fi ṣe aago náà. Irin aago ara ògiri kan tó ti kú ló gé, ó fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ọ́ títí ó fi di òòlù, ó yan án lórí fìtílà títí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bí aró, ó sì tún dán an. Lẹ́yìn náà ló ha àmì tirẹ̀ sábẹ́ àwọn ti ìṣáájú. Nígbà tó tẹ bọ́tìnì tí abẹ́rẹ́ gbéra, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi. Mo gbà pé bí ọwọ́ èèyàn bá lè ṣe èyí, kò sí ohun tí ọwọ́ èèyàn ò lè ṣe.

Sátidé tó kọjá ni mo gbé e lọ sí Ayọ̀bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì gbé aago náà sétí, ó ń gbọ́ ọ. Mo wá bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ọdún 1974. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó gbé aago náà kúrò létí.

Ó ní, "Ọmọ yẹn ò tẹ ìlà ẹnikẹ́ni. N kò rí irú eré bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Bó ṣe kù díẹ̀ kó já okùn, ayọ̀ mú ọwọ́ mi gbọ̀n, bọ́tìnì tí n kò gbọdọ̀ tẹ̀ ni mo tẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé dúró tì mí, èmi tí mo ti fọ́nnu. Ojú tì mí. N kò mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi sá a, Ọláyẹmí, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n láé."

Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun lọ dé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ, tí òun sì padà. Inú bí mi, Báyọ̀dé. Mo gbóhùn sókè sí àgbàlagbà, Sìdíkátù sì sáré jáde láti inú ilé. Mo ní báwo ló ṣe lè dákẹ́ fún ọdún mẹ́tàdínlógójì lórí irọ́ tó ba ti ọmọlọ́mọ jẹ́. Bàbá kò jiyàn. Ó kàn wò mí, ó sì rọra bi mí pé, "Ìwọ tó ń sá bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí lo rí?"

Ìwọ ni mo fẹ́ dá lóhùn. Ẹsẹ̀ rẹ ni mo ń wò ní gbogbo kọ́nà yẹn, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí mo lè rí níwájú mi. Kò tẹ ìlà. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì dákẹ́ nítorí pé mo fẹ́ rí Ìbàdàn. Ìwé-ẹ̀rí tí mo gbà níbẹ̀ ni mo fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, òun náà ni mo ń jẹ títí dòní. Tíṣà fọwọ́ ṣe tirẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bà á. Èmi fọwọ́ lẹ́rán, mo sì bá ọ ṣọ̀rẹ́ lọ.

Bàbá fẹ́ wá sí Ìlọrin kí ó lè tọrọ àforíjì lójú rẹ. Èmi ni màá mú un wá, bí o bá lè gbà wá. Bí o bá gba òun nìkan, màá dúró síta.

Bá mi kí Ìyá Ìbejì àti àwọn ọmọ. Sìdíkátù ní kí n kí ọ, Alhaji Yésúfù tí kò mọ̀ ọ́ rí náà ní kí n kí ọ.

                                        Èmi ni tìrẹ, ẹni tó ṣe ipò kejì,
                                        Ọláyẹmí.