Nítorí Omi Tútù Tí O Ń Wẹ̀

Ọmọ mi àtàtà, èyí tí mo pọ̀n tí ẹ̀yìn mi móoru,

Ṣé ara le? Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá ìgboro. Ẹsẹ̀ tí o fi ń jáde kò ní kọ, èyí tí o fi ń wọlé kò ní kọ. Àlàáfíà la wà níbí, àyàfi orúnkún mi tó ń pariwo bí àga àtijọ́. Ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, ojú àwọn méjèèjì sì jọ ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ṣùgbọ́n má sọ fún un.

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Mo rí ọ nínú ọpọ́n ńlá, yìnyín yí ọ ká títí dé ọrùn bí ẹja tí wọ́n fẹ́ tà, o sì ń rẹ́rìn-ín. Àyà mi já. Mo ní àbí onílé ti já iná ọmọ mi ni, tí kò fi rí omi gbóná wẹ̀ mọ́? Mo yára nu fóònù náà kí omi má baà wọ̀ ọ́, mo fi kúbùsù dì í, mo gbé e sún mọ́ ààrò. Káfíńtà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa dé, ó ní màá ba fóònù jẹ́ pẹ̀lú ooru. Mo ní kó gbóná, ṣebí ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀.

Òun ló ka ohun tí o kọ sábẹ́ àwòrán fún mi, torí lẹ́tà inú fóònù kéré bí ẹyin èèrà. Ó ní o mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni, pé o ń fi òtútù kọ́ ara rẹ, ẹsẹ̀ lèèyàn á kọ́kọ́ bu omi sí, lẹ́yìn náà apá, lẹ́yìn náà àyà, díẹ̀díẹ̀, kó sì máa mí jáde jẹ́ẹ́.

Ọmọ mi, mo jókòó, bàbá rẹ sì wọlé sí mi lọ́kàn. Bóyá o ò rántí iṣẹ́ ilé yìnyín tó ṣe, níbi tí wọ́n ń to páálí ẹja sí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, eyín rẹ̀ á máa gbá ara wọn tí kò fi ní lè kí èèyàn. Òun náà fi díẹ̀díẹ̀ kọ́ ọ ni. Láàárọ̀ á bu omi tútù sẹ́sẹ̀, á bù ú sápá, á máa mí fùù bí ẹni tó ń fẹ́ iná, á ní kí òtútù ibi iṣẹ́ wá bá òun nílẹ̀. Nírọ̀lẹ́ á kó ọwọ́ méjèèjì fún mi, èmi á fi wọ́n sábẹ́ apá mi, a ó jókòó títí ọwọ́ náà á fi padà di ti èèyàn. Ìwọ á ti sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí ó fẹ́ràn láti fi ọwọ́ yẹn kàn ọ́ lọ́rùn. Látìgbà tó ti lọ, omi gbígbóná nìkan ni mò ń wẹ̀, síbẹ̀ òtútù ò kúrò lára mi.

Ni mo bá ní kí èmi náà dán an wò. Mo bù ú sẹ́sẹ̀, kò burú. Mo bù ú sápá, mo gbà á. Nígbà tó kan àyà, mo ké! Mi ò mọ̀ pé mo ṣì ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Káfíńtà rò pé ejò ni, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wó, ó bá mi níbi tí mo ti fi korobá bo ara, ló bá yíjú sí ògiri, ó ń bẹ̀ mí, ó tún ń bi ògiri pé ejò náà dà. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé, ẹ̀rín àkọ́kọ́ látọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ. Nígbà tí mo nu ara tán, ara mi móoru látinú wá. Mo wá mọ ohun tó ń mú ọkọ mi kọrin tó bá ń lọ síbi iṣẹ́.

Mò ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ báyìí. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, torí káfíńtà ní òun ò lè tún ilẹ̀kùn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ejò ló yẹ kó sanwó, a ò sì rí i. Má fi owó sínú fóònù o. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo tú ẹ̀yìn fóònù, bátìrì nìkan ni mo bá. Fún awakọ̀ kó mú un wá.

Òtútù tí o fọwọ́ ara rẹ pè nìkan ni wàá máa rí. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò pè, kò ní mọ ojúlé rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí mo ń kọ̀wé yìí láìwọ súẹ́tà.